Iná Ìríran àti Iná Ìfarahàn: Èdè-Ìperí fún Títún Ètò Iná Ojúmọmọ Ọkọ̀ Tò

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbìyànjú láti túmọ̀ ìwé ìmọ̀-ẹ̀rọ sí èdè Yorùbá yóò gbà pé òwe yìí kan iṣẹ́ èdè-ìperí gbọ̀ngbọ̀n. Bí a bá kánjú sọ ohun-èlò kan lórúkọ kí a tó mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe, orúkọ náà yóò máa ṣi àwọn tí ń lò ó lọ́nà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀, ohun tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń fà kò ju pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kùnà nínú ìdánwò. Nínú ẹ̀ka tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí, ó lè mú ẹ̀mí lọ.

Ohun tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni àwọn iná tí ó máa ń tàn fúnra wọn níwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ojúmọmọ, àti bí a ṣe ń yí ètò wọn padà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ní ojú pópó wa, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń rà ni ó ti àwọn ilẹ̀ tí irú iná yìí ti wọ́pọ̀ wá. Àwọn mẹkáníìkì ń fọwọ́ kàn án, àwọn rìwáyà ń já okùn rẹ̀, àwọn awakọ̀ sì ń bèèrè ohun tí ó wà fún. Síbẹ̀, èdè wa kò tíì ní orúkọ kan tí gbogbo wa fẹnu kò lé lórí fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ṣe rẹ́gí fún ohun tí à ń ṣe sí i. Ìbéèrè mẹ́ta ni a óò gbìyànjú láti dáhùn:
(i) Iṣẹ́ wo ni iná náà ń ṣe?
(ii) Orúkọ wo ni ó bá iṣẹ́ náà mu?
(iii) Báwo ni a ó ṣe sọ̀rọ̀ nípa yíyí ètò rẹ̀ padà láìṣi ara wa gbọ́?

2. Iṣẹ́ tí iná náà ń ṣe

Bí a bá wo iṣẹ́ tí iná ara ọkọ̀ ń ṣe, a óò rí i pé ọ̀wọ́ méjì pàtàkì ni wọ́n. Èkíní ni iná tí awakọ̀ fi ń ríran. Èkejì ni iná tí àwọn ẹlòmíràn fi ń rí ọkọ̀ náà. Iná ńlá iwájú, èyí tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní fúlù nígbà tí ó bá ga, tí wọ́n sì ń pè ní dímù nígbà tí ó bá rẹlẹ̀, wà nínú ọ̀wọ́ kìn-ín-ní. Iná pupa ẹ̀yìn wà nínú ọ̀wọ́ kejì: kò sí awakọ̀ tí ń fi iná ẹ̀yìn ríran; àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni a tàn án fún.

Iná ojúmọmọ tí à ń sọ yìí, ọ̀wọ́ kejì ni ó wà pátápátá. Nígbà tí oòrùn bá wà lójú ọ̀run, awakọ̀ kò nílò iná láti rí ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó nílò rẹ̀ ni ẹni tí ń fẹsẹ̀ sọdá títì, ọlọ́kadà tí ó fẹ́ yà sí ọwọ́ òsì, tàbí awakọ̀ tí ń bọ̀ lódì kejì tí ó fẹ́ ya tírélà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wakọ̀ nínú ọyẹ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ mọ̀ pé ọkọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ bá jọ ti eérú lè pòórá mọ́ inú kùrukùru títí tí yóò fi dé iwájú ẹni. Iná méjì funfun tí ó tàn níwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi í hàn.

Àwọn orílẹ̀-èdè àríwá Yúróòpù, níbi tí ojúmọmọ kúrú tí oòrùn sì ń rẹlẹ̀ púpọ̀ nígbà òtútù, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin. Fínlándì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1972 pẹ̀lú àwọn ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú nígbà òtútù. Swídìn tẹ̀lé e ní 1977, wọ́n sì ní kí gbogbo ọkọ̀ máa tan iná láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Nọ́wè sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun ní 1985. Ní Kánádà, gbogbo ọkọ̀ tuntun tí a ṣe láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 1989 gbọ́dọ̀ ní in. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi dandan lé e fún irúfẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun láti oṣù Kejì ọdún 2011, ó sì kan ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ gbà á láàyè ní 1993, ṣùgbọ́n kò fi dandan lé e.

Ìyàtọ̀ òfin wọ̀nyí ni ó fà á tí ọkọ̀ méjì tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí wọ́n sì jáde ní ọdún kan náà, fi lè ní ètò iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ọ̀kan ti Kánádà wá, èkejì sì ti Amẹ́ríkà wá. Agbára ìmọ́lẹ̀ wọn pàápàá lè yàtọ̀. Kàńdẹ́là ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀ iná sí apá ibi tí ó kọjú sí. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí Yúróòpù ń tẹ̀lé ní kí iná náà jẹ́ funfun, kí agbára rẹ̀ ní ọ̀gangan iwájú má dín ní 400 kàńdẹ́là, kí ó má sì ju 1,200 lọ. Amẹ́ríkà gbà kí a dín agbára fúlù kù kí a sì lò ó fún iṣẹ́ yìí, títí dé 7,000 kàńdẹ́là.

Ọ̀nà tí a ń gbà dín agbára fúlù kù rọrùn láti ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, a so gílóòbù méjèèjì tẹ̀léra lórí okùn kan ṣoṣo, tí fóòtì 12 inú bátìrì fi di mẹ́fà-mẹ́fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ wọn a sì dín ju ìdajì lọ dáadáa, nítorí pé wáyà inú gílóòbù kò gbóná tó bí ó ti yẹ. Nínú àwọn mìíràn, ẹ̀rọ kan a máa pa iná náà, a sì máa tàn án ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú ènìyàn yóò sì rí i bí iná tí kò tàn púpọ̀. Àwọn ọkọ̀ òde òní ní iná kékeré tirẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Iná bẹ́ẹ̀ kì í jẹ agbára bátìrì bí dímù, tí gílóòbù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ wáàtì 55.

3. Orúkọ tí ó yẹ ẹ́

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní daytime running lamp. Bí atúmọ̀ bá gbé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí yóò bọ́ sí i lọ́wọ́ ni 'iná ìsáré ọ̀sán'. Iná kì í sáré. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ọ̀rọ̀ kejì yẹn kò tọ́ka sí eré sísá. Ohun tí ó ń wí ni pé iná náà ń tàn níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Àpẹẹrẹ rere ni èyí jẹ́ fún àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀: ohun tí a ń wí ni à ń túmọ̀, kì í ṣe àwọ̀ ọ̀rọ̀.

Orúkọ kejì tí a máa ń gbọ́ ni 'iná ọ̀sán'. Ó kúrú, ó sì dùn ún pè, ṣùgbọ́n àbùkù méjì ni ó ní. Àkọ́kọ́ ni pé ìtumọ̀ 'ọ̀sán' kò dúró sójú kan. Nínú 'tọ̀sán-tòru', ọ̀sán ni gbogbo àkókò tí ilẹ̀ fi mọ́. Nínú 'ẹ káàsán', ó jẹ́ àkókò kan péré láàárín òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ 'iná ọ̀sán' lè bèèrè bóyá kì í tàn ní òwúrọ̀. Àbùkù kejì burú ju èyí lọ: orúkọ náà sọ ìgbà fún wa, kò sọ iṣẹ́. Awakọ̀ tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé iná ńlá ni, pé ohun tí ó ń ṣe ní ọ̀sán náà ni yóò ṣe ní alẹ́.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó bá irú ìṣòro yìí pàdé. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Tagfahrlicht, èyí tí ó túmọ̀ sí iná fún ìwakọ̀ ojúmọmọ. Àwọn Faransé ń sọ pé feux diurnes, iná ojúmọmọ. Ìgbà ni àwọn méjèèjì fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ará Swídìn ni wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Varselljus ni wọ́n ń pè é: ljus ni iná, varsel sì ni ìkìlọ̀ tàbí ìfitónilétí tí a ń fún ẹlòmíràn ṣáájú. Iṣẹ́ tí iná náà ń ṣe ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ní èrò tiwa, ọ̀nà yẹn ni ó bá òwe wa mu.

Àbá wa ni pé kí a fi iṣẹ́ pín gbogbo iná ara ọkọ̀ sí ọ̀wọ́ méjì. Kí a pe ọ̀wọ́ kìn-ín-ní ní iná ìríran, kí a sì pe ọ̀wọ́ kejì ní iná ìfarahàn. Ẹnìkan lè bèèrè ìdí tí a kò fi sọ pé 'ìfihàn'. Ìdí rẹ̀ wà nínú gírámà. Ẹni tí ó bá fi nǹkan hàn, ohun mìíràn ni ó ń gbé jáde kí a rí. Ẹni tí ó bá fara hàn, ara òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé jáde. Iná ńlá ń fi ojú ọ̀nà hàn awakọ̀. Iná ojúmọmọ kò fi nǹkan kan hàn án, ọkọ̀ ni ó ń fara hàn nípasẹ̀ rẹ̀. 'Ara' tí ó wà nínú 'farahàn' ni ó gbé gbogbo ìyàtọ̀ náà.

Fún ìgbà, a yan 'ojúmọmọ' dípò 'ọ̀sán'. Ojúmọmọ kò mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ó takò ni òkùnkùn. Ó sì ní àǹfààní kan tí a kò gbọdọ̀ fojú di: ààlà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí a kò lè sọ pé ojúmọmọ ni mọ́, orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún awakọ̀ pé iṣẹ́ iná yẹn ti parí. Èyí ni àwọn orúkọ tí a dábàá:

iná ìríran gíga: èyí tí à ń pè ní fúlù;
iná ìríran rírẹlẹ̀: èyí tí à ń pè ní dímù;
iná ìfarahàn ojúmọmọ: iná funfun iwájú tí ń tàn fúnra rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́;
iná ìfarahàn ẹ̀yìn: iná pupa méjì tí ń tàn lẹ́yìn ọkọ̀ ní alẹ́.

4. Ewu tí ó wà lẹ́yìn

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, nígbà tí iná ìfarahàn ojúmọmọ bá ń tàn níwájú, iná ìfarahàn ẹ̀yìn kì í tàn. Òfin Yúróòpù ti 2011 kò fi dandan lé e pé kí méjèèjì jọ máa tàn. Ní ojúmọmọ, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo awakọ̀ tí ó kúrò nílé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ sì ṣú mọ́ ọn lójú ọ̀nà. Ó rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lórí títì níwájú rẹ̀. Ó wo dáṣíbọọ̀dù, ó bá a tí ó ń tàn yòò, nítorí pé dáṣíbọọ̀dù òde òní kì í dúró de ìgbà tí a bá tan iná kí ó tó mọ́lẹ̀. Ó gbà pé iná òun ti tàn. Lẹ́yìn rẹ̀, òkùnkùn biribiri ni, tírélà tí ń bọ̀ kò sì rí i.

Ní Kánádà, a ti ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí ó fi í wé iwin. Yorùbá kò nílò láti yá iwin wọn lò, nítorí pé àwọn baba wa ti mọ oògùn tí ènìyàn ń lò tí ojú ẹlòmíràn kì í fi í tó o. A dábàá pé kí a máa pe irú ọkọ̀ yìí ní ọkọ̀ aláféèrí. Ìyàtọ̀ kan péré ni pé ẹni tí ó lo àféèrí mọ̀ pé òun lò ó, ṣùgbọ́n awakọ̀ yìí kò mọ̀. Ewu yìí ni ìjọba Kánádà rí tí ó fi yí ìlànà rẹ̀ padà fún ọkọ̀ tuntun láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Ó fún àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta láti yàn nínú wọn: kí iná ẹ̀yìn máa bá iná ojúmọmọ tàn, tàbí kí gbogbo iná máa tàn fúnra wọn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí kí dáṣíbọọ̀dù ṣókùnkùn títí awakọ̀ yóò fi tan iná.

Àwọn ọkọ̀ tí ó wà lójú pópó wa, púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà ju ìlànà yẹn lọ. Òfin òkèèrè kò lè tún wọn ṣe mọ́. Ohun tí ó kù fún wa ni ìmọ̀, èdè ni a ó sì fi gbé ìmọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ awakọ̀.

5. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe

Bí orúkọ bá ti tọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó kù. Ẹni tí kò fẹ́ kí iná náà máa tàn mọ́, tàbí tí ó fẹ́ kí iná ẹ̀yìn máa bá a tàn, ohun tí ó máa ń wí fún rìwáyà ni pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún iná yìí ṣe.' Ṣùgbọ́n 'tún ṣe' nínú èdè wa ń fi yé ni pé nǹkan ti bàjẹ́. Ohun tí rìwáyà yóò wá ni okùn tí ó já tàbí gílóòbù tí ó jó. Bí ó bá sì sọ pé, 'Ẹ bá mi pa á,' pípa iná fún ìgbà díẹ̀ àti mímú un kúrò pátápátá jọ wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Rìwáyà lè gé okùn tí ó yẹ kí ó fi sílẹ̀.

Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ètò rẹ̀ ni a fẹ́ yí padà. Nítorí náà, a dábàá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí:

ètò iná: àkójọ ìpinnu tí ó sọ iná tí yóò tàn, ìgbà tí yóò tàn, àti bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó;
ètò àtilẹ̀wá: ètò tí ọkọ̀ bá wá láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é;
tún ètò tò: láti yí ètò padà láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́;
fi sẹ́nu iṣẹ́ àti yọ lẹ́nu iṣẹ́: láti jẹ́ kí iná kan máa tàn gẹ́gẹ́ bí ètò, tàbí láti dá a dúró pátápátá.

'Pa' àti 'tàn' yóò wá dúró fún ohun tí a ń ṣe ní ojú ẹsẹ̀ nìkan. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òṣìṣẹ́ tí ó lọ sinmi àti òṣìṣẹ́ tí a yọ lẹ́nu iṣẹ́. Kò ní ṣòro láti rí i nínú ọ̀rọ̀ iná pẹ̀lú.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a sábà máa ń gbà tún ètò yìí tò. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, awakọ̀ fúnra rẹ̀ lè ṣe é láti ojú dáṣíbọọ̀dù, nínú àkójọ ohun tí a lè yàn. Nínú àwọn mìíràn, fíúsì tàbí ẹ̀rọ kékeré kan ni à ń yọ. Ṣùgbọ́n fíúsì kan lè máa ṣọ́ ju iná kan lọ, ẹni tí ó bá sì yọ ọ́ láìwo ìwé ọkọ̀ lè yọ ohun mìíràn lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀nà kẹta ni láti fi ẹ̀rọ ìyẹ̀wò bá ọpọlọ ọkọ̀ sọ̀rọ̀ láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò 16 tí ó wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. 'Ọpọlọ ọkọ̀' kì í ṣe àbá tiwa. Àwọn mẹkáníìkì ti ń lò ó, ó sì dára. Àfikún tí a fẹ́ ṣe ni pé ọkọ̀ òde òní kì í ní ọpọlọ kan ṣoṣo. Ó yẹ kí a ya ọpọlọ ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lára ọpọlọ ara ọkọ̀, nítorí pé nínú èyí kejì ni ètò iná sábà máa ń wà.

6. Àpẹẹrẹ ìlò

Èdè-ìperí tí kò bá ṣe é fi sọ̀rọ̀ kò wúlò. Ìlànà kúkúrú yìí ni a kọ kí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ lè fi dán àwọn ọ̀rọ̀ náà wò:

(i) Bèèrè ilẹ̀ tí ọkọ̀ náà ti wá, nítorí pé ètò àtilẹ̀wá ọkọ̀ Kánádà lè yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù.
(ii) Kọ ètò àtilẹ̀wá sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.
(iii) Yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí o sì dán an wò kí o tó yí òmíràn.
(iv) Tan iná ìríran rírẹlẹ̀, kí o rí i bóyá iná ìfarahàn ojúmọmọ kú tàbí ó dín kù bí ètò ọkọ̀ náà ti wí.
(v) Jẹ́ kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn ọkọ̀. Gbé ọwọ́ ìtanná sí ipò kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ fún ọ bóyá iná ìfarahàn ẹ̀yìn tàn.
(vi) Sọ fún ẹni tí ó ni ọkọ̀, ní ọ̀rọ̀ tí ó yé e, ìgbà tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní tàn.

Ìlànà karùn-ún ni ó ṣe kókó jù lọ. Kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, àwọn awakọ̀ tí kò fẹ́ yí ètò kankan padà pàápàá sì lè ṣe é.

7. Ìgúnlẹ̀

Àwọn kan yóò wí pé kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, kí a sì sinmi. A kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Fíúsì, bátìrì àti gílóòbù ti di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá tí ó wà ní Kétu àti Pọ̀bẹ̀, ní ilẹ̀ Bìní Olómìnira, inú èdè Faransé ni wọ́n ti ń yá tiwọn. Bí ìhà kọ̀ọ̀kan bá dúró lórí àyálò tirẹ̀, rìwáyà méjì tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan lè máa wo iná kan náà láìmọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn ń wí. 'Ìfarahàn' yé àwọn méjèèjì láìsí ògbufọ̀.

Ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ti fi hàn pé èdè wa lè ru irú ẹrù yìí. Ọmọṣẹ́ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rìwáyà lónìí, èdè Yorùbá náà ni ọ̀gá rẹ̀ fi ń kọ́ ọ. A kò lè dúró di ìgbà tí yóò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán kí a tó fi ewu inú iṣẹ́ rẹ̀ hàn án.

Nítorí náà, à ń rọ ẹ̀yin olùkọ́ kí ẹ lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú kíláàsì, kí ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó àti fún ilé-iṣẹ́ rédíò gbé wọn yẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá. Àwọn orúkọ tí a dábàá lè yí padà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iná tí a fi ń ríran àti iná tí a fi ń rí wa ni kò gbọdọ̀ sọnù.